Kò Sí "Ṣùgbọ́n" Lórí Ìlà Pupa

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣe wọ́dà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin kí n tó di olùkọ́ júdò, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí irú irọ́ tí etí mi ò tíì gbọ́. Èyí tó burú jù nínú wọn, òótọ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni náà á wò ọ́ lójú kòrókòró, á ní, "Èmi ni mo ṣe é, ṣùgbọ́n..." Kó o gbàgbé ohun tó sọ ṣáájú. Ẹ̀yìn ṣùgbọ́n yẹn ni òótọ́ máa ń kú sí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ọ̀dà pupa fa ìlà kan sílẹ̀ nínú yàrá wa.

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ káfíńtà tẹ́lẹ̀ ni yàrá náà, lẹ́yìn ilé-ìwé girama kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tójò bá ń rọ̀, òrùlé á máa jò ní kọ̀rọ̀ apá òsì, a ó gbé korobá síbẹ̀. Òórùn gúlúù ò tíì kúrò lára ògiri títí di òní. Ọ̀gá ilé-ìwé ló wá bá mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tọ́rọ̀ wọn ti sú òun, àwọn tó ń jà, tó ń jalè, tó ń sọ òkò lu fèrèsé. Ó ní bóyá tí mo bá kọ́ wọn níjà gidi, ìjà á jáde lára wọn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀gá, ìjà kì í jáde lára èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa mú un dání."

Òfin mẹ́ta péré la ní. Èkíní: ẹni tó o bá dì mú, ẹrù rẹ ni. Ọrùn ẹ̀, apá ẹ̀, eyín ẹnu ẹ̀, ọwọ́ rẹ ni gbogbo ẹ̀ wà. Èkejì: tẹ́ni tó o dì mú bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọ lára lẹ́ẹ̀mejì, pá-pá, tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Má bi í ní nǹkan kan, má parí ohun tó ò ń ṣe, tú u sílẹ̀. Ẹ̀kẹta: kí a tó lọ sílé, ẹni tó bá ṣe ohun tí kò dáa lọ́jọ́ náà á bọ́ sórí ìlà pupa, á pa ẹsẹ̀ pọ̀, á ní "Èmi ni," á sọ ohun tó ṣe, á kúrò níbẹ̀. Kò sí ṣùgbọ́n lórí ìlà. Ẹni tó bá sọ ọ́ á padà sẹ́yìn, á tún un bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án kó tó lè sọ pé òun lòun jí bàtà ọ̀rẹ́ òun. Òógùn bò ó bí ẹni tó ń ru símẹ́ńtì. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó jókòó, ó ní ebi ń pa òun.

Wọ́dà ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Tí mo bá yíjú sí wọn, kíá, ó ti di "Àǹtí." Mo máa ń gbọ́, mo kàn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni.

Nínú gbogbo wọn, ọmọbìnrin méjì lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe búrẹ́dì. Adelé ni gbogbo kíláàsì ń pè é, torí òun ló máa ń dúró fún mi tí mi ò bá sí nítòsí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, apá ẹ̀ le koko torí láti kékeré ló ti ń bá ìyá ẹ̀ po ìyẹ̀fun, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọdún méjì gbáko ni kò fi sí ọmọbìnrin kankan nínú kíláàsì yẹn tó lè gbé e ṣubú.

Èkejì ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Òun ò tíì pé mẹ́tàdínlógún, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀, ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó bi mí níwájú gbogbo èèyàn pé, "Àǹtí, ṣé ẹ ti na ẹlẹ́wọ̀n rí?" Mo ní tí kò bá panu mọ́, òun lẹni àkọ́kọ́ tí mo máa nà lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìyá ẹ̀ ló rán gbogbo aṣọ ìjà wa. Ìyá Aránṣọ làwa ń pè é. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo yìí náà ló bí. Nígbà tó ń wọn àwọn ọmọ, ó ní, "Tíṣà, ẹ sáà bá mi mú un dúró. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti fẹ́ràn títì jù." Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó padà wá fẹjọ́ sùn, ẹ̀rín sì kún ẹnu ẹ̀. Ó ní ọmọ náà ti fòfin de ṣùgbọ́n nínú ilé àwọn. Ó ní òun alára ò lè sọ ọ́ mọ́, pé bóun bá ti fẹ́ sọ pé, "Mo mọ̀ pé aṣọ yín ò tíì parí, ṣùgbọ́n..." fún oníbàárà, ọmọ òun á ti máa pariwo láti inú yàrá pé, "Màmá, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀!"

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn.

Ìdíje àwọn ilé-ìwé ti ń bọ̀, àyè kan ṣoṣo ló sì wà fún ìwọ̀n ara àwọn méjèèjì. Gbogbo wa la ti mọ̀ pé Adelé ló ni ín. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ abẹ́ apá ẹ̀, tó yí ìdí, tó sì gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lulẹ̀ gbàà níwájú gbogbo kíláàsì. Ọmọ yìí wá na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Adelé, kúrò lórí àga! Ọba ti dé o!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Títí ayé ni màá máa rántí pé mo rẹ́rìn-ín. Adelé dìde, ó tún bẹ́líìtì ẹ̀ so, ó tẹ orí ba fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí mo ṣe kọ́ wọn. Ojú ẹ̀ ò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀ la máa ń kó màátì síta láti fi igi lu eruku inú wọn. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, àwọn ọmọ ti kó gbogbo ẹ̀ jáde, ó ku màátì méjì nínú yàrá, Adelé àti Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló sì kù tí wọ́n máa kó wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ pè mí lórí ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò. Mo ní kí Adelé dúró fún mi. Mo ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni lọ́rùn kí n tó dé." Ohun tí mo máa ń sọ nígbà gbogbo nìyẹn. Ó ní, "Ó ti yé mi, Àǹtí."

Mi ò pẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí mo ń bọ̀, gbogbo àgbàlá ń dún pá, pá, pá, àwọn ọmọ ń lu màátì bí ẹni tó bá màátì jà, eruku gbòde. Mo tiẹ̀ bú ọ̀kan nínú wọn pé ó ń lu afẹ́fẹ́. Mo wọlé. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nà gbalaja sórí màátì, ètè ẹ̀ ti dúdú. Adelé kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé itan bí mo ṣe kọ́ wọn láti máa kúnlẹ̀.

Ó ní, "Kò gbá mi, Àǹtí. A kàn ń dán an wò ni. Kò gbá mi rárá."

Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, mo tẹ̀ ẹ́ láyà títí egungun ẹ̀ fi ń dún lábẹ́ ọwọ́ mi. Ọkọ̀ ilé-ìwé la fi gbé e. Nígbà tí a fi máa dé ilé ìwòsàn, ó ti ń mí. Mo dúpẹ́, mo sunkún, mo gbá dókítà mọ́ra. Yéè, mi ò mọ ohun tí mo ń dúpẹ́ fún.

Ọmọ náà ò kú, kò sì padà wálé. Ọjọ́ kẹfà ló lajú. Ó ń wo àjà, ó ń wo àjà náà ṣáá, o ò lè rí ẹnì kankan nínú ojú yẹn. Dókítà ní afẹ́fẹ́ ò dé ọpọlọ ẹ̀ fún àkókò tó gùn jù. Mo bi í pé báwo ló ṣe gùn tó. Ó ní òun tí òun ò sí níbẹ̀ ò lè mọ̀.

Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ní àwọn máa jókòó lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọlọ́pàá obìnrin kan á sì wà níbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ dáhùn: ṣé ọmọ náà gbá a àbí kò gbá a? Tí kò bá gbá a, ọ̀ràn eré ló ṣẹlẹ̀, Adelé á padà sí kíláàsì, á ṣe ìdánwò àṣejáde ẹ̀. Tó bá gbá a, tí Adelé sì mọ̀ ọ́n tó ṣì dì í mú, ọ̀rọ̀ ti di tọlọ́pàá nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rí wọn. Ariwo màátì sì bo gbogbo ohun tí etí ì bá gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi nílé lọ́jọ́ Àìkú. Ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìdí irun ẹ̀. Ọdún méjìlá ló fi jù mí lọ. Ìyá wa kú nígbà tí mo wà ní kékeré, òun ló tọ́ mi.

Ó ní, "Wọ́n máa bi ẹ́ léèrè."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Wọ́n á ní irú ọmọ wo ni. Kí lo máa sọ?"

"Ohun tí mo mọ̀ ni màá sọ."

"Kí lo mọ̀?"

Ó fa àga súnmọ́ mi, ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Gbọ́, àbúrò mi. Mo lọ wo ọmọ yẹn. Mo sunkún, Ọlọ́run rí mi. Omi ti dànù. Ṣé ìwọ wá fẹ́ fọ́ agbè mọ́ ọn ni?"

Gbogbo wa la mọ ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ kú ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún, pé omi ló dànù, agbè ò fọ́, kó fi tu ara ẹ̀ nínú. Ẹ̀gbọ́n mi mú un lẹ́nu ọlọ́fọ̀, ó fi bo ọmọ ti ẹ̀ lórí. Inú bí mi débi pé mo dìde. Mo tún jókòó. Òun ló máa ń fún mi ní èèpo búrẹ́dì gbígbóná kí n tó lọ sílé-ìwé, tóun á máa jẹ èyí tó jóná.

Mo ní, "Adelé ní kò gbá òun. Mo gbà á gbọ́."

Ó ní, "Ẹ ṣeun," bí ẹni pé èmi ni àgbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Oṣù méjì ṣáájú ìgbà yẹn, Adelé di ọmọbìnrin kékeré kan mú lọ́rùn níwájú mi. Ọmọ náà gbá a, pá-pá. Adelé ò tú u sílẹ̀. Mo kà á nínú mi: ení, èjì, ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ló tú u. Ọmọ náà wúkọ́, ó nu ojú, ó lọ. Ká ní ọmọ ẹlòmíì ni, orí ìlà pupa ni ì bá ti sùn. Mo pe Adelé sí kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ korobá, mo ní kí ló dé. Ó ní, "Mi ò gbọ́ ọ, Àǹtí. Òjò." Òótọ́ ni, òjò ń rọ̀. Èmi tí mo ń kọ́ wọn lójoojúmọ́ pé ara ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, pé etí ò sí nínú ẹ̀, mo gba òjò náà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìdíje ti ń bọ̀ lọ́nà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ni.

Ní Ọjọ́rú, mo lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá Aránṣọ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ọwọ́ ká etí aṣọ oníbàárà kan. Ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ó kí mi dáadáa, ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ìrìn o. Ẹ jókòó." Obìnrin yẹn ò tíì sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí mi láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí n lè jókòó pẹ́.

Mo rí i pé wọ́n ti fi ìrépé aṣọ funfun so ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì.

Mo ní, "Ta ló so ó?"

Ó ní, "Èmi ni. Ọwọ́ yẹn ò jẹ́ kó sinmi. Ó ń gbá bẹ́ẹ̀dì ṣáá, ó ti fa abẹ́rẹ́ omi yọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀jẹ̀ dà sórí aṣọ. Nọ́ọ̀sì ní iṣan ló ń fà á, pé kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Mo wá fi àjákù aṣọ ìjà yín so ó, torí ó rọ̀." Ó gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ wò ó."

Mo wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà gbéra díẹ̀, ìwọ̀n ibi tí ìrépé aṣọ yẹn lè jẹ́ kó dé, ó sì balẹ̀. Pá-pá. Ó dúró. Ó tún gbéra. Pá-pá. Ojú ẹ̀ ń wo àjà. Pá-pá.

Ìyá ẹ̀ ní, "Mo ní kí n bi yín. Ṣé nǹkan tẹ́ ẹ kọ́ wọn ni?"

Èmi tí mo fa ìlà pupa sílẹ̀, èmi tí mo ń lé ọmọ ọlọ́mọ padà sẹ́yìn nítorí ṣùgbọ́n kan, mo wo ojú abiyamọ yẹn, mo ní, "Iṣan ni, Màmá."

Mo jáde. Mo bì sára ògiri lẹ́yìn ilé àwọn nọ́ọ̀sì. Mo bú ara mi ní gbogbo orúkọ tí mo ti bú ẹlẹ́wọ̀n rí. Mi ò sùn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ní Ọjọ́bọ̀, mo gba ilé búrẹ́dì lọ tààrà. Adelé wà nídìí tábìlì, ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀. Ìyá ẹ̀ wà lẹ́nu ààrò.

Mo ní, "Wẹ ọwọ́ rẹ. À ń lọ síbì kan."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú padà pẹ̀lú pátákó gígùn tó fi ń ti búrẹ́dì bọ iná. Ó wo ojú mi, ó mọ̀. Ó fi pátákó náà dábùú ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Tó o bá mú ọmọ yìí jáde níbí, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́ láyé."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní fà á. Ẹ bi í."

Kò bi í. Adelé lọ sídìí omi. Ó wẹ ọwọ́ ẹ̀ pẹ́, ó ha ìyẹ̀fun abẹ́ èékánná ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó rọra gbé pátákó yẹn kúrò lọ́nà, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó sì tẹ̀ lé mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo orúkọ mi lẹ́yìn wa títí a fi yà ní ìkóríta. Òórùn búrẹ́dì tó ń jóná tẹ̀ lé wa dé ibẹ̀.

Ẹnu géètì ilé ìwòsàn ni Adelé ti bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀ ni?"

Mo ní, "Ó ń sọ̀rọ̀."

Adelé ò tíì débẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Ìyá Aránṣọ rí i, ó dìde dúró, aṣọ tó ń rán bọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè ìṣẹ́jú kan." Mo yíjú sí Adelé. "Na apá rẹ. Gbé e sábẹ́ ọwọ́ ẹ̀."

Ó gbé apá ẹ̀ síbẹ̀, apá ọ̀tún tó fi ń fún èèyàn lọ́rùn yẹn. Fún ìgbà díẹ̀ kò sí nǹkan kan. Mo ti ń rò ó pé bóyá iṣan ni lóòótọ́, pé orí ló fẹ́ kó wa yọ. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà gbéra.

Pá-pá.

Adelé mí kanlẹ̀. Kò fa apá ẹ̀ kúrò. Ó dúró dè é. Pá-pá. Ìgbà yẹn ló tó yọ ọ́, ó yọ ọ́ kíá, bí òfin ṣe wí. Ó bọ́ sẹ́yìn, ó pa ẹsẹ̀ pọ̀ lórí táìlì. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀.

Ó ní, "Èmi ni."

Ìyá Aránṣọ ní, "Kí ló ń sọ? Tíṣà, kí lọmọ yìí ń sọ?"

"Èmi ni. Ó gbá mi. Mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà tó kọ́kọ́ gbá mi, mo ní kó tún gbá mi sí i, kó mọ ẹni tó jẹ́ ọba. Ó gbá mi nígbà mẹ́rin. Lẹ́yìn náà kò gbá mi mọ́. Mo ṣì dì í mú." Ẹnu ẹ̀ là, mo rí ọ̀rọ̀ yẹn tó yọ sí i lẹ́nu, mo mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e, pé ó fi òun ṣẹ̀sín, pé gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó gbé e mì. Ó ní, "Mo parí."

Ó kúrò níbẹ̀. Èmi náà bọ́ síbi tó dúró sí.

Mo ní, "Èmi ni. Ó ti ṣe é fún ọmọ kan níwájú mi ní oṣù méjì sẹ́yìn, mo bò ó, torí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ tó ṣubú. Mo fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ pa pọ̀. Ẹ bi mí lánàá, mo purọ́ fún yín."

Mo ti rò pé á lù mí. Mo fẹ́ kó lù mí. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ọmọ ẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Tẹ́nì kan bá gbá yín báyìí, kí lẹ máa ń ṣe?"

Mo ní, "A máa ń tú u sílẹ̀."

"Lójú ẹsẹ̀?"

"Lójú ẹsẹ̀, Màmá."

Ó wo ìrépé aṣọ funfun yẹn. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti so ó." Igbe tó bọ́ lẹ́nu ẹ̀ nígbà náà, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí ní gbogbo ọdún tí mo fi wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Ó já lu kókó náà, òun tó ń ta kókó, tó ń tú kókó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò rí i tú. Ó fi eyín fà á. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó ní abẹ́rẹ́ omi máa yọ, Ìyá Aránṣọ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mú àlùmọ́gàjí láti inú àpò iṣẹ́ ẹ̀, ó gé e.

Ọwọ́ ọmọ náà balẹ̀ sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Kò gbéra mọ́.

A dúró, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, à ń wò ó. Kò gbéra mọ́. Ìyá ẹ̀ jókòó, ó gbé ọwọ́ náà lé itan ara ẹ̀ láì dì í mú, ó kàn tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ẹ̀.

Kò gbójú sókè nígbà tó sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ló máa ń fi pè mí. Ó ní, "Ìwọ. Mo ní kó o bá mi mú un dúró. Ó ti dúró báyìí. Ẹ jáde. Mo ń bọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ yẹn lọ́la. Kí n má gbọ́ ṣùgbọ́n kankan lẹ́nu yín."

Kò gbọ́ ọ. Bí a ṣe sọ ọ́ nílé ìwòsàn la sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Ọlọ́pàá obìnrin yẹn dáwọ́ ìwé kíkọ dúró, ó bi Adelé pé ṣé ó yé e pé ó lè ṣàlàyé ara ẹ̀. Adelé ní ó yé òun. Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá náà pa, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n mú Adelé lọ sí ọgbà tí wọ́n ti ń ṣàtúnṣe àwọn ọmọ tí wọn ò tíì tó ẹ̀wọ̀n lọ. Tí mo bá pàdé ẹ̀gbọ́n mi lójú ọ̀nà, á gba ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa ń lọ wo Adelé. Obìnrin tí a jọ ṣe wọ́dà rí ló wà lẹ́nu géètì. Ó máa ń tú àpò mi wò dáadáa, mo sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Adelé ti rù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi mí kó tó jẹ́ kí n bi í nípa oúnjẹ.

"Àǹtí, ṣé ọwọ́ ẹ̀ ṣì ń gbá?"

Ní Àbámẹ́ta àkọ́kọ́, mo ti fẹ́ sọ pé ó ti sinmi. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó ti wà lórí ahọ́n mi. Mo rántí pé irú ẹ̀ ló bọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ tí mo ní, "Iṣan ni, Màmá."

Mo ní, "Láti ọjọ́ tí a lọ, kò gbá mọ́. Dókítà ní kì í ṣe àmì dáadáa. Kò ṣe nǹkan kan mọ́, Adelé. Ó kàn wà níbẹ̀ ni."

Ó mi orí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé itan bí mo ṣe kọ́ ọ, a sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi ní àkókò ti tó.